Ó Kan o, Kò Kan o, Ṣúgà Ni Gaàrí Ń Dà: Bí Alátọ̀gbẹ Ṣe Lè Se Oúnjẹ Tí Kábù Ẹ̀ Ò Pọ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ ra gaàrí lọ́jà Òkè Ajé ní Ìjẹ̀bú Òde, ìyá onígaàrí bu díẹ̀ sí mi lọ́wọ́ pé kí n tọ́ ọ wò, ó kan débi pé eyín mi kan. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, èyí ò ní ṣúgà kankan nínú o, ó pẹ́ nínú àpò dáadáa kí wọ́n tó yan án, àwọn alátọ̀gbẹ gan-an ló ń rà á jù lọ́wọ́ mi." Mi ò bá wọn jiyàn. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fi ọjà tàn mí jẹ, ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni wọ́n sọ, màámi náà gbà á gbọ́ fún bíi ọdún méjì, ẹ̀bà gaàrí kíkan lálaalẹ́, ọbẹ̀ ewúro ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ kí kíkorò ẹ̀ lè "pa ṣúgà", ṣúgà ọ̀hún ò sì wálẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá ìyá onígaàrí láre níbi tí wọ́n ti jàre. Gaàrí tiwa ní Ìjẹ̀bú, tí wọ́n bá ti rin ẹ̀gẹ́ tán, wọ́n á rọ ọ́ sápò, wọ́n á gbé nǹkan wúwo lé e, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ìyẹn ló fi yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń rin ẹ̀gẹ́ lónìí tó ń yan án lọ́la. Láàárín ọjọ́ yẹn, àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí á máa jẹ ṣúgà díẹ̀ tó wà lára ẹ̀gẹ́, wọ́n á sọ ọ́ di ásíìdì, ásíìdì yẹn ló ń kan wá lẹ́nu. Torí náà òótọ́ ni, ṣúgà tó ń dùn lẹ́nu ti dín kù níbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo omi tó ń ro jáde lábẹ́ àpò, tí ẹ bá gbé abọ́ sí i di àárọ̀, ẹ máa rí nǹkan funfun kan tó sílẹ̀ sísàlẹ̀ abọ́. Sítáàṣì nìyẹn, òun náà la máa ń fi sí aṣọ kó lè le dáadáa ká tó lọ̀ ọ́. Èyí tó bá omi jáde yẹn ò tó nǹkan, èyí tó kù nínú àpò lọ súà, òun ló ń di gaàrí, kíkan ò sì lé e lọ síbì kankan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú fún gbogbo wa nìyẹn, ahọ́n la fi ń wọn ṣúgà. Ohun tó bá dùn la ń sá fún, ohun tó bá kan, tó korò, tàbí tó tẹ́ lẹ́nu, a gbà pé kò léwu. Ẹ dán nǹkan kan wò fún mi. Ẹ bu ìrẹsì funfun ṣíbí kan, èyí tí ẹ ò fi iyọ̀ sè, ẹ kó o sẹ́nu, ẹ máa jẹ ẹ́ lọ, ẹ má gbé e mì, tó bá fi máa tó ìṣẹ́jú kan sí méjì ẹ máa rí i pé ó ti ń dùn. Ẹnì kankan ò da ṣúgà sí i o. Itọ́ ẹnu yín ló ń tú sítáàṣì inú ẹ̀ palẹ̀, torí sítáàṣì, ṣúgà tí wọ́n so mọ́ra wọn gbọọrọ ni. Ìwọ̀nba lẹnu ń tú, inú ìfun ló ti ń tú tán pátápátá, á wá wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tára ẹ̀ dá, ínsúlínì ẹ̀, ìyẹn èròjà kan tí ara fúnra ẹ̀ ń ṣe, á kó o kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọnú ara. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, bóyá ínsúlínì ẹ̀ ò tó, bóyá ó wà àmọ́ ara ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, ṣúgà á kàn máa yí kiri nínú ẹ̀jẹ̀ ni, bọ́dún bá sì ti ń gorí ọdún á máa ba ojú, kíndìnrín àti iṣan ẹsẹ̀ jẹ́.

Oúnjẹ tó ń di ṣúgà báyìí ni wọ́n kọ́ wa níléèwé pé ó jẹ́ afúnnilágbára, kábohaidíréètì, èmi á máa pè é ní kábù torí bí gbogbo ayé ṣe ń pè é nìyẹn. Lọ́jọ́ kan mo gbé ìwọ̀n kékeré tí mo fi ń wọn fùláwà kéèkì jáde, mo ní kí màámi bu gaàrí bí wọ́n ṣe máa ń bù ú fún oúnjẹ alẹ́, kí wọ́n má ṣojú ayé sí mi. Wọ́n bù ú, mo dà á sórí ìwọ̀n, gíráàmù 200. Nínú gíráàmù 100 gaàrí gbígbẹ, bíi 80 ni kábù, ìyẹn ni pé 160 wà nínú ẹ̀bà ọ̀hún. Ṣíbí tíì kan tí ṣúgà kún inú ẹ̀ jẹ́ bíi gíráàmù 4. Ẹ pín 160 sọ́nà 4 fún mi. Ogójì ṣíbí! Ẹni tó ti lé ṣúgà kúrò nínú tíì láti ọdún tó kọjá, tó ń fi ojú burúkú wò mí tí mo bá fi kúúbù méjì sí tèmi.

Tí ẹ bá gbọ́ "low-carb" lẹ́nu àwọn dókítà, kì í ṣe pé kí kábù má sí rárá. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń pè bẹ́ẹ̀ ni kí gbogbo kábù tẹ́ ẹ jẹ láti àárọ̀ dalẹ́ má tó gíráàmù 130. Àwọn kan máa ń fà á wálẹ̀ sí 50 tàbí 20 pàápàá, ìyẹn ò ṣeé dá ṣe láìsí dókítà, èmi ò sì sọ tìyẹn níbí. Ẹ ṣáà rí i pé ẹ̀bà màámi nìkan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ti kọjá ti odindi ọjọ́ kan.

Ó wá ku àwọn àfidípò, ibi tó ń bí mi nínú jù nìyí torí owó là ń ná sí i. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ jáwọ́ nínú ẹ̀bà, kẹ́ ẹ máa jẹ wíìtì. Nínú gíráàmù 100 fùláwà wíìtì, kábù tó 70 ó lé díẹ̀. Òótọ́ ni pé èyí tí wọn ò bó èèpo ẹ̀ dànù ní fáíbà, ìyẹn okùn inú oúnjẹ tí ìfun kì í lè dà, ó sì máa ń fa ẹsẹ̀ ṣúgà sẹ́yìn díẹ̀, àmọ́ tí ẹ bá ro òkìtì wíìtì bí ẹ ṣe ń ro òkìtì ẹ̀bà, kí lẹ ṣe? Màámi ṣe é fún oṣù mẹ́ta. Wákàtí méjì lẹ́yìn wíìtì alẹ́ ọjọ́ kan mo fi mita tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò ó, 268, bẹ́ẹ̀ sì rèé kò yẹ kó tó 180. Wọ́n ní mita ò dáa.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dúdú náà ńkọ́? Ìyẹn sàn ju èyí tó pọ́n lọ díẹ̀, torí tí ò bá tíì pọ́n, nínú sítáàṣì ẹ̀ wà tí ìfun ò lè tètè tú, tó bá sì pọ́n, sítáàṣì yẹn ti di ṣúgà gidi, ìdí nìyẹn tí dòdò fi ń dùn. Àmọ́ iye kábù inú àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ẹ bá sì lọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú lẹ́búlẹ́bú, tẹ́ ẹ ro ó lórí iná, púpọ̀ nínú sítáàṣì alágídí yẹn ti rọ̀, kò lágídí mọ́. Láfún, fùfú, ẹ̀gẹ́ náà ni. Àmàlà iṣu, iṣu ni, dúdú tó dú ò sọ ọ́ di nǹkan míì. Ìrẹsì ọ̀fadà ní fáíbà ju ìrẹsì tó ń dán gbinrin lọ, àmọ́ ìrẹsì ni, àwọn tó ń bọ̀ ọ́ tó ń da omi ẹ̀ nù, sítáàṣì díẹ̀ ló ń bá omi yẹn lọ, ìyókù jókòó sínú ìkòkò. Oyin? Ṣúgà ni oyin, ì báà jẹ́ ojúlówó láti inú igbó. Ẹ̀wà ni mo gbé fún nínú gbogbo wọn. Òun náà ní kábù o, bíi 21 nínú gíráàmù 100 ẹ̀wà sísè, àmọ́ bíi 6 nínú ẹ̀ ló jẹ́ fáíbà, èròjà amáradàgbà ẹ̀, ìyẹn purotéènì, tún pọ̀, ìyẹn ni kì í fi í jẹ́ kí ṣúgà sáré gorí igi.

Ewúro pẹ̀lú, mi ò bá a jà. Ẹ̀fọ́ gidi ni, ẹ máa jẹ ẹ́. Kò kàn lè bá yín pa ẹ̀bà ni.

Kí n tó dé ìdí ààrò, ọ̀rọ̀ òògùn. Ẹ má fo ibí yìí. Tí ẹni yín bá ń gún ínsúlínì, tàbí tó ń lo àwọn òògùn tó ń fipá lé ṣúgà wálẹ̀ bíi glibenclamide tàbí glimepiride, wọ́n wọn òògùn yẹn fún oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni. Tí ẹ bá gé kábù ẹ̀ lójijì tí òògùn ò yí padà, ṣúgà ẹ̀ lè já wálẹ̀ jù, ìyẹn tún yára pani ju kó ga lọ. Tó bá ti kéré sí 70 lórí mita, tàbí tẹ́ ẹ rí i tó ń làágùn láìsí ooru, tọ́wọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, tó ń sọ̀rọ̀ ségesège, ẹ fún un ní ṣúgà gíráàmù 15 kíá, ìyẹn bíi ṣíbí tíì mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́rin tí ẹ pò mọ́ omi, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un wò, tí ò bá tíì gòkè, ẹ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá ti dákú, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu, ọsibítù ló kàn. Àwọn tó ń lo dapagliflozin tàbí empagliflozin náà, àwọn tó lóyún, àwọn tí kíndìnrín wọn ti ń ṣàárẹ̀, ẹ bá dókítà sọ ọ́ ná kẹ́ ẹ tó yí ìkòkò padà. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní (type 1), tí ara ẹ̀ ò ṣe ínsúlínì mọ́, ínsúlínì ẹ̀ ò ṣeé dá dúró láé, kò sí oúnjẹ tó lè rọ́pò ẹ̀. Màámi, metformin nìkan ni wọ́n ń lò, òun nìkan kì í sábà já ṣúgà wálẹ̀ báyẹn, síbẹ̀ a lọ sọ fún dókítà wọn ní Ṣàgámù ká tó bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan kékeré kan tún máa ń da àwọn èèyàn láàmú, mita ilé á ní 126 (mg/dL), ìwé láàbù á ní 7.0 (mmol/L), wọ́n á rò pé ọ̀kan ń parọ́. Nǹkan kan náà ni wọ́n ń wí, èyí tó kéré yẹn ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 18. Ohun tí àwọn dókítà sábà máa ń fẹ́ fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní àtọ̀gbẹ ni 80 sí 130 láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun, kó má sì tó 180 ní wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn oúnjẹ. Tiyín lè yàtọ̀, ẹ bèèrè.

Ó yá, ìdáná.

Nílé wa, òkèlè ni oúnjẹ, ọbẹ̀ la fi ń gbé e mì. Ohun tí mo ṣe ò ju pé mo yí i síra lọ. Nígbà tí mo jókòó ro ó, mo rí i pé ọbẹ̀ Yorùbá fẹ́rẹ̀ẹ́ máà ní kábù rárá, ẹ̀fọ́ rírò, ilá, ewédú, ẹ̀gúsí, ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ja, gbogbo ẹ̀, àfi gbẹ̀gìrì tó jẹ́ ẹ̀wà. Àwọn kan ń wá fùláwà álímọ́ńdì olówó gọbọi kiri, ṣé ẹni tí ìkòkò ẹ̀fọ́ wà níwájú ẹ̀ ló ń wá ìyẹn? Ẹ wo àwo yín, kí ẹ̀fọ́ kún ìdajì ẹ̀, kí ẹja tàbí ẹran tàbí ẹyin gba ìdá mẹ́rin, ìdá mẹ́rin tó kù ni ti òkèlè tàbí ìrẹsì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sì kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja yẹn ná kẹ́ ẹ tó kan òkèlè, torí tí wọ́n bá ti ṣíwájú wọnú, kábù tó bá tẹ̀ lé wọn kì í gbé ṣúgà ga tó bó ṣe máa gbé e tó bá jẹ́ òun ló kọ́kọ́ wọlé. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ ná kọ́bọ̀.

Ẹ̀fọ́ rírò tèmi rèé. Ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀, ìdì mẹ́rin fún èèyàn méjì, ẹ má fojú kéré ẹ̀, yóò rọ̀ kù díẹ̀. Mo máa ń bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná ìṣẹ́jú kan, mo fún un dáadáa. Tàtàsé, rodo àti àlùbọ́sà tí mo gún, mi ò lọ̀ ọ́ kúnná, epo pupa ṣíbí ọbẹ̀ kan ààbọ̀ (màámi tẹ́lẹ̀, mẹ́rin, epo á léfòó lókè bí adágún), ìrú Ìjẹ̀bú tí òórùn ẹ̀ ń pe aládùúgbò, mo jẹ́ kí ata yẹn gbẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í ta níkòkò, mo da ẹja yíyan tí mo ti yọ egungun ẹ̀ sí i, edé, ẹyin sísè méjì. Ẹ̀fọ́ ló máa wọlé kẹ́yìn, mo rò ó pọ̀, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Pọ̀nmọ́ ò ní kábù, ẹ fi sí i tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ má ṣáà fi pọ̀nmọ́ nìkan rọ́pò ẹja o.

Òkèlè tó máa bá a lọ ló fún mi ní wàhálà. Gbogbo èèyàn ń pariwo kábéèjì, mo ra kan, mo lọ̀ ọ́ ní blẹ́ńdà pẹ̀lú omi ife kan, mo dà á síná, mo ro ó títí ọwọ́ fi ń ro mí, kò ki. Mo gbé e fún màámi bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ kàn án, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé ewúrẹ́ lẹ fẹ́ fi mí ṣe nínú ilé yìí ni?" Lọ́jọ́ yẹn wíìtì ni wọ́n padà jẹ.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi tí mo ti ṣì í, omi. Ìdajì kábéèjì tó wọn bíi gíráàmù 500, kábù inú ẹ̀ ò tó 30, fáíbà sì kó púpọ̀ nínú ìyẹn. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi tí ò ju èyí tó máa jẹ́ kí blẹ́ńdà yí, ẹ wá dà á sínú aṣọ tẹ́ ẹ fi ń sẹ́ ògì, ẹ lọ́ aṣọ yẹn, ẹ fún un bí ẹni tó ń fi ìbínú fún un, títí omi ẹ̀ á fi máa kán tó, tó, tó. Ohun tó kù nínú aṣọ á rí bí ẹ̀gẹ́ rínrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ jáàkì, màámi gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ dà á sínú ìkòkò gbígbẹ, iná kékeré, ẹ máa fi ọmọorógùn rò ó bíi ìṣẹ́jú méje títí òórùn ewé tútù á fi kúrò lára ẹ̀. Àwọn tó rówó rà á á wọ́n psyllium husk, ìyẹn èèpo irúgbìn kan tó kún fún fáíbà, ṣíbí ìjẹun kan ààbọ̀ sí i, kíá ló ń ki, ó ń fà bíi fùfú, àmọ́ ẹ mu omi dáadáa lé e, ẹ sì má lo òògùn yín pọ̀ mọ́ ọn, ẹ fi bíi wákàtí méjì sí àárín wọn.

Èmi o, gaàrí ni mo wọ́n sí i. Ẹ dúró ná, ẹ má tíì bú mi. Gíráàmù 30 péré, ó kún ìkúùkù ọwọ́ mi kan, kábù bíi 24. Mo fi omi gbígbóná díẹ̀ ta á, mo dé e, ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo ro ó. Gaàrí máa ń mu omi tó kù lára kábéèjì, á so ó pọ̀, òórùn kíkan yẹn á sì bo òórùn kábéèjì mọ́lẹ̀. Èèyàn méjì la jẹ ẹ́, ìyẹn kábù 12 láti ara gaàrí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan dípò 160. Màámi gé e, wọ́n yí i, wọ́n kì í bọ ẹ̀fọ́, wọn ò sọ nǹkan kan. Tí màámi bá dákẹ́ nídìí oúnjẹ, ẹ ti yege nìyẹn. Wákàtí méjì lẹ́yìn ẹ̀, 141. Wọ́n ní mita ti dáa.

Àárọ̀ ni kábù máa ń pọ̀ jù láìfura, búrẹ́dì, ògì aláwọ̀ funfun tí wọ́n rọ́ mílíìkì àti ṣúgà sí, iṣu. Ẹyin ló rọrùn jù. Ẹyin méjì, àlùbọ́sà, tòmátò, ẹ̀fọ́ ìwọ̀nba tí ẹ rẹ́, ẹ pò ó pọ̀, ẹ dín in pẹ̀lú òróró ṣíbí kan, ẹ gé píà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nígbà tí píà bá wà. Píà, bó ṣe ní ọ̀rá tó yẹn, kábù ẹ̀ kéré, fáíbà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Lọ́jọ́ míì mọ́ínmọ́ín kan, ewé ni kẹ́ ẹ fi pọ́n ọn jàre, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹyin àti ẹja inú ẹ̀ pọ̀, mọ́ínmọ́ín tí ò lẹ́mìí kankan, ẹ̀wà nìkan lẹ jẹ. Èyí tí ẹ̀wà gbígbẹ inú ẹ̀ bá jẹ́ gíráàmù 50 ní kábù bíi 30, torí náà kí ẹ̀kọ má tún tẹ̀ lé e, ẹ fi ata díndín àti kúkúmbà jẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ pé dandan ni ẹ̀kọ, ẹ̀kọ kékeré kan sàn ju ẹ̀bà lọ torí omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, àmọ́ ẹyọ kan ni mo sọ.

Ilá alásèpọ̀ ni mo máa ń sè tí kò bá sí àyè. Ẹja tútù, ata, ìrú, ilá tí mo gé ṣákaṣàka, ìgbá méjì tàbí mẹ́ta tí mo gé mọ́ ọn, ìṣẹ́jú ogún, abọ́ ọbẹ̀ kún, ṣíbí la fi ń jẹ ẹ́, kò sí òkèlè. Ó kọ́kọ́ jọ nǹkan tí èèyàn ń jẹ nígbà àìsàn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ẹnu á mọ́ ọn.

Àwọn ará Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú á ti máa bi mí pé ìkọ́kọrẹ́ ńkọ́. Ewùrà ni, iṣu ni, kábù ẹ̀ ò kéré, mi ò sì ní bá yín parọ́ pé mo ti rí nǹkan tó lè rọ́pò ẹ̀, ìkọ́kọrẹ́ tí ò ní ewùrà, kí wọ́n fún un lórúkọ míì. Ohun tí mo ń ṣe ni pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ṣíbí ìpọnbẹ̀ méjì péré, ẹja inú ẹ̀ máa pọ̀ débi pé ẹ máa ní ọbẹ̀ ẹja ni mo sè, kò sì sí ẹ̀bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe. Ọ̀jọ̀jọ̀ nìkan ni mo rí dọ́gbọ́n sí. Kábéèjì tí mo rẹ́ tín-ín-rín, tí mo fi iyọ̀ pa omi ẹ̀ jáde tí mo fún, ata, àlùbọ́sà, ẹyin kan, mo ń fi ṣíbí bù ú sínú òróró díẹ̀. Kò jọ ọ̀jọ̀jọ̀ ewùrà, àwọn ọmọ ilé ṣáà jẹ ẹ́ tán kí n tó dé láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò.

Tí kábù bá ti wálẹ̀, ebi kékeré kan á máa pa èèyàn ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àkókò tí gaàrí mímu máa ń pe Ìjẹ̀bú lórúkọ nìyẹn. Ẹ̀pà ìkúùkù kan, àgbọn ẹ̀là méjì, ẹyin sísè, tàbí wàrà tí wọn ò dín, ó ń gbé mi dé alẹ́. Ọsàn, ẹ jẹ ẹyọ kan, ẹ má fún un sínú ife, torí ọsàn mẹ́rin ló máa wọnú ife kan, fáíbà ẹ̀ á sì wà nínú dọ́ọ̀bíìnì. Mínírà, ìgò 50cl kan lè ní ṣúgà tó gíráàmù 50. Málítì náà, ṣúgà wà nínú ẹ̀ dáadáa, bí wọ́n tilẹ̀ ń gbé e fún aláìsàn bíi òògùn ẹ̀jẹ̀. Sóbò dáa tẹ́ ẹ bá fi atalẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ òyìnbó sè é tẹ́ ẹ ò da ṣúgà sí i.

Òde àríyá ló ku ibi tó le. Ọjọ́ kẹta Iléyá tó kọjá, Ojúde Ọba, màámi àti ẹgbẹ́ wọn wọ aṣọ, oòrùn mú, wọ́n rìn, wọ́n jó, ẹni tó rìn báyẹn tún máa ń rí i pé ṣúgà òun wálẹ̀ díẹ̀, torí iṣan ẹsẹ̀ ń mu ṣúgà nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí a padà délé àlejò, àwo oríṣiríṣi ń kọjá. Mo ti sọ fún wọn kí wọ́n má jókòó síbi tí kúlà mínírà wà. Wọ́n mú mọ́ínmọ́ín kan, wọ́n mú ẹran Iléyá dáadáa, wọ́n ní kí wọ́n bu ẹ̀fọ́ àwọn alámàlà fún wọn láìsí àmàlà, ọmọ tó ń pín oúnjẹ wò wọ́n bí ẹni pé wọ́n ti ṣẹ́ Ìjẹ̀bú. Jọ̀lọ́ọ̀fù dé. Wọ́n yíjú wò mí, mo ṣe bí ẹni tó ń wo fóònù. Ṣíbí kan péré ni wọ́n bù, wọ́n ní torí kí ìyàwó tó se é má baà bínú.